Yíyàn Tí Ọwọ́ Kò Tó

Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé nínú ìtàn tí àwọn babaláwo ń sọ nípa orí yíyàn: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílẹ̀ẹ́mẹ̀rẹ̀ ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló láǹfààní láti yan orí nílé Àjàlá amọ̀kòkò, kò sì sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìkankan nínú wọn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ débẹ̀, wọn ò bá Àjàlá, wọ́n wo àwọn orí tó wà nílẹ̀, wọ́n mú èyí tó wù wọ́n, wọ́n gbé e ka ọrùn, wọ́n ń lọ. Amọ̀ tí kò jinná ni wọ́n gbé. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà, orí sì bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́rùn. Afùwàpẹ́ ti kọ́kọ́ yà nílé baba rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kó mú iyọ̀ àti owó dání. Ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fi iyọ̀ hàn án. Oníbodè yìí ló mú un délé Àjàlá, òun náà ló sì sọ fún un pé gbèsè ló lé Àjàlá gòkè àjà. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó bá a yan orí, ó ń fi ọ̀pá irin dán wọn wò títí tó fi rí èyí tó le.

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ń ṣe lórí ìtàn yìí ni pé àkúnlẹ̀yàn kò gbóògùn, tàbí pé ẹbọ ló ń gbe ènìyàn. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tí a máa ń fò dá: ẹ̀tọ́ kan náà làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní, ẹnì kan ṣoṣo ló rí i lò. Bí a bá fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti yàn, tí ọ̀nà ibẹ̀ kò sì ṣeé rìn, ṣé ẹ̀tọ́ ni a fún un, àbí orúkọ lásán? Ìbéèrè yìí ti wà tipẹ́ kí irin tó mọ kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀ inú ẹ̀rọ irin ni mo fẹ́ ti dáhùn rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ti hàn kedere lóde òní, ọmọ Ògún sì wà lára àwọn tó ṣi orí yàn.

Ẹ̀rọ tí mo ń sọ ni èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní CNC, ẹ̀rọ tó ń gé pákó, irin tàbí páànù bí kọ̀ǹpútà bá ṣe darí rẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní G-code ló ń sọ fún un pé kó lọ sọ́tùn-ún tó báyìí, kó rì wọnú igi tó báyìí, kó yára tó báyìí. Ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwíà tó ń ṣe ìdarí yìí ni LinuxCNC. NIST, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí òṣùwọ̀n, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990 lábẹ́ orúkọ EMC. Iṣẹ́ ìjọba ni, kò sẹ́ni tó lè pè é ní tòun nìkan. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ kárí ayé gbà á, wọ́n sì ń tún un ṣe títí dòní. Ní 2011 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, torí pé ilé iṣẹ́ ńlá mìíràn ló ń jẹ́ EMC. Ẹnikẹ́ni lè gbà á láìsan kọ́bọ̀, ó lè tú inú rẹ̀ wò, ó lè yí i padà, ó sì lè fún ẹlòmíràn. Àwọn tó kọ ọ́ fi ọgbọ́n pín in: apá tó ń darí mọ́tò, tó ń pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún kí ọ̀bẹ má baà ṣìnà, wà lọ́tọ̀, ojú tí òṣìṣẹ́ ń wò, bọ́tìnnì tó ń tẹ̀ àti àwòrán tó ń fi ibi tí ọ̀bẹ dé hàn, wà lọ́tọ̀. Ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì ètò ló ń sọ irú ojú tí yóò ṣí. Axis lọ̀pọ̀ ń bá níbẹ̀. Gmoccapy àti Touchy wà fún ẹni tó ń fi ìka tẹ ojú gíláàsì, QtPlasmaC sì wà fún ẹni tó ń fi iná plasma gé páànù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: lórí èrò yẹn ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Ibi tí ọ̀ràn ti wọ́ ni àwọn ojú tí kò bá sọ́fítíwíà náà rìn, tí ẹgbẹ́ mìíràn ń kọ níta. Probe Basic jẹ́ ọ̀kan. Orí ìpìlẹ̀ kan tó ń jẹ́ QtPyVCP ni wọ́n gbé e kà, ó sì mú kó rọrùn láti fi ẹ̀rọ wọn ibi tí etí iṣẹ́ wà kí a tó gé e. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ ní láti fi pip, irinṣẹ́ èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Python, kó àwọn apá rẹ̀ jọ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà LinuxCNC fi Python 2 sílẹ̀, ó bọ́ sí Python 3. Ọ̀pọ̀ ìlànà tí a ti kọ sílẹ̀ kò bá a mu mọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Debian 12, ọ̀kan nínú àwọn Linux tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, jáde, LinuxCNC sì wà nínú rẹ̀, èyí tó jẹ́ ìròyìn ayọ̀, torí àṣẹ kan péré lèèyàn yóò fi gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Debian 12 yìí kan náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ pip pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan Python tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń lò. Ìdí rẹ̀ tọ́, pip ti ba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́ bá ògiri pàdé níbi tí ìwé sọ pé ilẹ̀kùn wà. Nígbà tó yá, àwọn tó ni Probe Basic di í sínú pákéèjì tí apt, irinṣẹ́ Debian fúnra rẹ̀, lè gbé wọlé, tí gbogbo ohun tó nílò sì ń bá a wọlé pọ̀. Iṣẹ́ tí kì í hàn síta nìyẹn. Ẹ̀rọ kò gé igi dáadáa ju ti àná lọ nítorí rẹ̀, kò sí ẹ̀yà tuntun kankan nínú rẹ̀, mo sì gbà pé ó wà lára iṣẹ́ tó níyì jù tí wọ́n ṣe.

Kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká gbé káfíńtà kan kalẹ̀ ní Ayépé wa yìí, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odògbolú. Ó ra ẹ̀rọ CNC àlòkù, ó fẹ́ máa fi gé ọnà sára ilẹ̀kùn àti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó mọ igi dáadáa, ó mọ bí ìrókò ṣe ń ṣe sí ọ̀bẹ àti bí afàrá ṣe ń ṣe. Ojú gíláàsì tí à ń fìka tẹ̀ ló ní, torí pé ìyẹ̀fun pákó kì í jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù pẹ́. Owó ara rẹ̀ ló fi ń ra dátà, bí iná bá sì lọ nígbà tí nǹkan ń wọlé lọ́wọ́, ó lè di pé kó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ gbé Probe Basic wọlé, kọ̀ǹpútà wá kọ ọ̀rọ̀ pupa jáde pé apá báyìí kò sí, pé ẹ̀dà báyìí kò bá ẹ̀dà báyìí mu. Gbogbo ẹ̀tọ́ tí Richard Stallman, aṣáájú àwọn tó ń jà fún òmìnira sọ́fítíwíà, là sílẹ̀ látìgbà tó ti kéde GNU ní 1983 ló wà lọ́wọ́ káfíńtà yìí lábẹ́ òfin: láti lo sọ́fítíwíà bó ṣe wù ú, láti kọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, láti yí i padà, láti pín in. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ó padà sí Axis tó bá níbẹ̀, ó sì ń fi ìka ńlá wá bọ́tìnnì kékeré tí a ṣe fún eku kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè yóò ní ohun tó yàn nìyẹn.

Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Íńdíà, fi àpẹẹrẹ kan là wá lóye lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, àpẹẹrẹ tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ní Ìjẹ̀bú yóò tètè gbà. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ àti ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ, inú àwọn méjèèjì ló ṣófo. Bí a bá gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, a lè má rí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wọn ni pé oúnjẹ wà nítòsí ẹnì kan, ó sì kọ̀ ọ́. Ẹnì kejì kò ní ohun tí yóò kọ̀. Ìdí nìyí tí ààwẹ̀ fi ní láádá tí ebi kò ní. Mo fẹ́ kí a gbé òye yìí bọ inú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tó wo Axis àti Probe Basic, tó lo méjèèjì, tó ní Axis ló tẹ́ òun lọ́rùn, ti yàn. Ẹni tó ń lo Axis torí pé èyí tó kù kò wọlé kò tíì yan nǹkan kan. Gbígbé ojú mìíràn wọlé tó rọrùn ló ń sọ ìlò lásán di yíyàn. Kódà ó ń bu iyì fún Axis fúnra rẹ̀, torí àwọn tó bá dúró tì í yóò jẹ́ àwọn tó fẹ́ ẹ.

Ẹnì kan lè rò pé mò ń sọ ìnira kékeré di ńlá, pé ẹni tó bá fẹ́ nǹkan lóòótọ́ kò ní jẹ́ kí ìdíwọ́ díẹ̀ dá òun dúró. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbè é. Ní 2003, Eric Johnson àti Daniel Goldstein gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé Science nípa àwọn tó gbà kí wọ́n yọ ẹ̀yà ara wọn fún aláìsàn lẹ́yìn ikú. Ní Jámánì, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ti gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀, 12 nínú 100 ló gbà. Ní Austria, níbi tó ti jẹ́ pé ẹni tí kò bá fẹ́ ló máa kọ̀wé, wọ́n lé ní 99 nínú 100. Àwọn tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ. Kì í ṣe pé àánú pọ̀ lọ́kàn ará Austria ju ti ará Jámánì lọ. Fọ́ọ̀mù kan ló wà láàárín wọn. Bí kíkọ fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo bá lè yí ìpinnu àwọn ènìyàn padà báyìí lórí ohun tó kan ikú àti ìyè, kí la fẹ́ kí ọ̀pọ̀ wákàtí ọ̀rọ̀ pupa lójú kọ̀ǹpútà ṣe lórí ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì?

Àtakò tó lágbára jù lọ́dọ̀ tiwa níbí wá láti inú àṣà iṣẹ́ kíkọ́. Ìyà ni olùkọ́, àwọn àgbà á ní. Ọmọṣẹ́ tí kò gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tí kò lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lábẹ́ ọ̀gá kó tó ṣe fírídọ́ọ̀mù, kò ní mọ iyì irinṣẹ́. Babaláwo kò kọ́ Ifá lóòjọ́. Ẹ̀rọ tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan kì í ṣe ohun tí à ń gbé fún ẹni tí kò ní sùúrù, bí ọ̀nà bá sì le, yóò sẹ́ àwọn aláìnísùúrù sẹ́yìn. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yìí, ṣùgbọ́n ó da ìyà méjì pọ̀. Ìyà kan wà tó ń kọ́ni ní ohun tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń béèrè: bí a ṣe ń di igi mú kó má fò, bí ọ̀bẹ ṣe ń yára tó nínú igi líle, bí a ṣe ń gbọ́ láti inú ìró pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró, kò sí pákéèjì tó lè mú un kúrò. Ìyà kejì ni wíwá apá Python tó sọnù. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ tán kò mọ igi ju bó ṣe mọ̀ ọ́n lánàá lọ, ọwọ́ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ewu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ti ààbò, ìwé LinuxCNC fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé bọ́tìnnì pupa tó ń dá ẹ̀rọ dúró ní pàjáwìrì kò gbọ́dọ̀ gbára lé sọ́fítíwíà. Wáyà ló yẹ kó gé iná. Nítorí náà ìdíwọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ojú kọ̀ǹpútà kò ṣọ́ ìka ẹnikẹ́ni. Ẹ tún padà wo Afùwàpẹ́. Iyọ̀ àti owó kò fo ìrìn àjò fún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi rìn ín. Ohun tí wọ́n mú kúrò fún un ni àìmọ̀ ẹni tó yẹ kó bá sọ̀rọ̀.

Àtakò kejì tún wúwo ju bí mo ṣe fẹ́ lọ: pé ẹ̀bùn ni gbogbo èyí. Àwọn tó kọ LinuxCNC kò gbowó lọ́wọ́ káfíńtà Ayépé, kí ló wá jẹ́ gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́? Wọn kò jẹ ẹ́ ní iṣẹ́, òótọ́ ni, ojú kò sì tì mí láti sọ pé ẹni tó ń pariwo mọ́ ẹni tó fún un lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi òmìnira sọ orúkọ ẹ̀bùn rẹ̀ ti fi òṣùwọ̀n lé wa lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ lásán ni, ọ̀rọ̀ tán. Bí wọ́n bá ní òmìnira ni, a lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wọ́n pé ta ló lè lò ó. Ohun mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀ tí àwa Ìjẹ̀bú kò yẹ ká ṣe bí ẹni tí kò mọ̀: ẹnubodè máa ń ní èrè. Kí ọdún 1892 tó dé, ẹrù tó ń lọ láti etí ọ̀sà sí ìlú òkè, ọwọ́ àwọn baba wa ló ń gbà kọjá, wọn kì í jẹ́ kí àjèjì kọjá bó ṣe wù ú. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ṣí ọ̀nà yẹn, ìbọn ni wọ́n fi ṣí i, ní Ìmágbọ̀n, nínú oṣù Karùn-ún ọdún náà. (Ẹ má ṣe gbọ́ ọ sí pé mo yìn wọ́n, ọjà tiwọn ni wọ́n ń wá, òkú tiwa ló sùn sílẹ̀.) Nínú sọ́fítíwíà náà, ẹni tó ti mọ ọ̀nà lè máa jẹun níbẹ̀: yóò gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kò sì ní kánjú láti kọ ọ́ sílẹ̀. Owó iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí mo lòdì sí ni kí a fi ọ̀nà sílẹ̀ lásán kó máa hu koríko nítorí pé a ń jẹ lára ìnira rẹ̀. Oníbodè inú ìtàn náà gba iyọ̀, ó sì sin àlejò délé. Mi ò rò pé ó ṣe ohun tó burú.

Ẹ̀rù àwọn tó mọ̀ nípa ààbò kọ̀ǹpútà ló ṣẹ́kù, n kò sì ní ìdáhùn tó gbà á tán. Wọ́n ní ilẹ̀kùn tó bá rọrùn fún onílé yóò rọrùn fún olè. Lóòótọ́, àṣà kan ti gbilẹ̀ pé kí ènìyàn ṣe àdàkọ ìlà kan, kó lẹ̀ ẹ́, kí àjèjì sì di alákòóso kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 ni a rí i pé ẹnì kan tó ti lo ọdún díẹ̀ láti mú kí àwọn ènìyàn fọkàn tán òun ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sínú xz, irinṣẹ́ kékeré tó wà nínú ọ̀pọ̀ Linux. Andres Freund ló ṣàkíyèsí i, torí pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń falẹ̀ díẹ̀. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ nínú irinṣẹ́ tí gbogbo ayé ń lò, kí ni kò lè ṣẹlẹ̀ sí ojú ẹ̀rọ tí ènìyàn díẹ̀ ń tọ́jú? Mo gbà. Síbẹ̀ ìrọ̀rùn méjì ló wà. Ọ̀kan ń fi ohun tó ń ṣe pamọ́ fún ọ kó lè tètè parí. Èkejì ń fọwọ́ sí pákéèjì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí a lè yẹ̀ wò, ó ń to ohun tó fẹ́ gbé wọlé sílẹ̀ lójú rẹ, ó sì lè kó wọn jáde padà bí o bá yí ọkàn padà. Apt ń ṣe èyí. Pip tí à ń fi agbára alákòóso ti wọlé kò ṣe é. Ìnira àtijọ́ yẹn gan-an ló sì ń kọ́ ènìyàn láti máa lẹ ohunkóhun tó bá rí, torí pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Àjàlá fi ọ̀pá irin dán orí wò kó tó gbé e fún Afùwàpẹ́. Ìrànlọ́wọ́ tó ní ìdánwò nínú ni mò ń bèèrè.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì pé ọ̀nà tó dán lè yí nǹkan padà níhìn-ín, kó wo Lomé ní Tógò. Ní 2013, ní WoeLab tí Sénamé Koffi Agbodjinou dá sílẹ̀, Kodjo Afate Gnikou to ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníwọ̀n-mẹ́ta kan jọ láti inú kọ̀ǹpútà àti sìkánà tí àwọn ènìyàn ti kó dànù, wọ́n pè é ní W.Afate. Àwòrán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé RepRap tó wà ní gbangba ló gbé e lé. Ọgbọ́n orí Afate pọ̀, ṣùgbọ́n kò ní láti bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo, torí pé àwọn tó ṣáájú ti kọ ìgbésẹ̀ wọn sílẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíràn lè tẹ̀ lé. Nínú ayé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn kan náà, Klipper, tó ń darí ẹ̀rọ, ya ojú rẹ̀ sọ́tọ̀ bíi ti LinuxCNC. Mainsail àti Fluidd wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́, àwọn aláàánú kan sì kọ KIAUH, irinṣẹ́ tó ń to wọn sí iwájú ènìyàn kó mú èyí tó wù ú. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ wọ́n.

Nítorí náà, gbèsè tí mo ń sọ, kì í ṣe ọrùn àwọn tó kọ sọ́fítíwíà nìkan ló wà. Ó wà lọ́rùn ẹnikẹ́ni tó ti kọjá ẹnubodè. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ojú mìíràn sórí ẹ̀rọ yín ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ṣágámù, ní Ìbàdàn, ẹ̀yin olùkọ́ ní Pólí Abraham Adesanya ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ kọ ìgbésẹ̀ tí ẹ gbà sílẹ̀ ní Yorùbá, kí ẹ sì kọ ẹ̀dà Debian tí ẹ lò àti ọjọ́ tí ẹ lò ó sí i. Ẹ kó àwọn pákéèjì náà sórí fláàṣì, kí ẹni tí dátà rẹ̀ kò tó lè fi gbé wọn wọlé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí ibi tí ìlànà ti ṣìnà, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni iṣẹ́ náà kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ gbowó iṣẹ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ fi ìwé ìgbésẹ̀ náà sílẹ̀ fún oníbàárà nígbà tí ẹ bá ń lọ.